Ìyá Àgbà Wọ Ẹ̀wù Iṣẹ́ Lọ sí Àyẹ̀wò Àwọn Afẹ̀yìntì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje ni, ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, nígbà tí fóònù mi dún tí ọ̀rọ̀ yìí sì bẹ̀rẹ̀. Mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìdí-Orò, ní Múṣín. Mátírọ̀n ló pè mí, obìnrin tó ni ilé ìwòsàn kékeré kan ní Yábàá. Ilé ìwòsàn yẹn ni ìyá tó bí ìyá mi ti ń ránṣọ títí ó fi kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

"Dàmi, ṣé o ti ríṣẹ́?"

"Rárá, mà. Mo ṣì ń wá a."

"Má wá a mọ́. Wá máa bá mi tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn. Mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ìwọ sì mọ̀ ọ́n lò."

Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí korobá tí mo dojú rẹ̀ dé. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo rántí pé ẹnìkan wà lórí iṣẹ́ náà. Bàbá Akin ni a ń pè é. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún, káńsù ló sì ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì kó tó débẹ̀. Mo bi Mátírọ̀n pé Bàbá ńkọ́.

"Bàbá ní owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé lóṣooṣù. Ìwọ ò ní nǹkan kan. Ṣé ó yẹ kí ẹnìkan máa jẹ níbi méjì kí ẹlòmíràn máa wò ó lẹ́nu? Mi ò tíì sọ fún un. Fún mi lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Ó ti di ọdún méjì tí mo ti parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ní kí ló tún kù tí mò ń rò. Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà mi náà jẹ níbi méjì. Odindi ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba, tó sì ń gba owó oṣù lọ́wọ́ Mátírọ̀n. Owó méjèèjì náà ló gbé èmi àti màmá mi ró. Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún Mátírọ̀n, ṣé kì í ṣe ẹjọ́ Ìyá Àgbà náà ni mo ń dá? Bí mo bá sì sọ pé rárá, ta ló máa bọ́ mi?

Mọ́mì ní kí n lọ ronú ohun tí Ìyá Àgbà ì bá sọ. Mo ti ń ronú láti ọjọ́ náà. Mi ò rí èsì kan ṣoṣo, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni mo ń rí.

Ìyá Àgbà kì í ránṣọ ẹ̀yẹ. Aṣọ ilé ìwòsàn ló ń rán. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ló ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ń rán aṣọ ìtẹ́bùsùn, aṣọ tí dókítà ń wọ̀ lọ ṣiṣẹ́ abẹ, àti aṣọ kan tó máa ń pè ní "olójú kan". Wọ́n máa ń fi olójú kan bo aláìsàn mọ́lẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Ihò kan ṣoṣo ló wà láàrin rẹ̀, kí ibi tí dókítà máa gé nìkan lè hàn. Ìyá Àgbà ní bí ihò náà bá fi ìka méjì yẹ̀, dókítà á máa jà, nọ́ọ̀sì á máa jà, ẹni tó sùn kò sì ní lè dá sí i.

Nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún, ìjọba ní kó máa lọ sílé. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí ìsinmi rẹ̀ dáadáa nítorí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó tún gbogbo kọ́tìnnì ilé rán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò rí nǹkan rán mọ́, ó wá mú àkísà tí a fi ń nulẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ létí yípo, ó lọ̀ ọ́, ó sì ká a sínú àpótí. Mọ́mì gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ pamọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Mátírọ̀n pè é. Mátírọ̀n ti jẹ́ nọ́ọ̀sì níbi tí àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ rí, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ni. Ìyá Àgbà ti wọ bàtà kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà parí. Mọ́mì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ìyá Àgbà ní, "Mo ti sinmi, Bùnmi. Mo ti rí bó ṣe rí."

Ó ní ìwà kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé sí báńkì, fóònù rẹ̀ á dún. Kì í wá awò láti fi ka ohun tí wọ́n kọ. Yóò kàn gbé fóònù náà sókè, yóò tẹ orí ba díẹ̀, yóò ní, "Ẹ ṣé o." Owó náà kò tó nǹkan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ àti owó iná ló sábà máa ń bá lọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń dá lóhùn nínú fóònù. Ó ní àwọn tí òun ránṣọ bò ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni, pé wọ́n rántí òun.

Owó oṣù ti Mátírọ̀n kì í rí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ gbà. Yóò gbà á, yóò fi í sínú pọ́ọ̀sì, ó tán. Owó oúnjẹ wa nìyẹn, àti owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kiri. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ò dúpẹ́ lọ́wọ́ Mátírọ̀n." Ó wò mí bí ẹni pé mo bèèrè ìdí tí iyọ̀ fi dùn, ó sì fi oríkì mi pè mí.

"Owó iṣẹ́ àná nìyẹn, Àṣàkẹ́. Owó iṣẹ́ òní nìyí. Ẹni tó jẹun lánàá kì í torí ìyẹn gbààwẹ̀ lónìí."

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Tíṣà kò gbà. Tíṣà ni bàbá Ìjẹ̀bú tó ń gbé ilé tó dojú kọ tiwa. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kó tó fẹ̀yìntì, òun náà sì ni akọ̀wé àwọn afẹ̀yìntì àdúgbò wa. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àga rẹ̀ sọdá títì, yóò wá jókòó ti Ìyá Àgbà, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Bùnmi, owó ìfẹ̀yìntì, owó ìsinmi ni. Ẹ ò sinmi. Kí lẹ wá ń gbà á fún?"

"Ṣé kí n máa gbé e fún yín ni?"

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló. Ẹ fẹ́ gba tọwọ́ ọ̀tún, ẹ ò sì ní fi tọwọ́ òsì sílẹ̀."

"Ìjẹ̀bú ló ń sọ fún mi pé mo fẹ́ràn owó. Àṣàkẹ́, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà," ni màá sọ, màá sì máa wo ilẹ̀.

"Ẹ wo ọmọ yìí," ni Tíṣà máa wí, tí á máa nawọ́ sí mi. "Ó kàwé, ó jókòó sílé. Bí ẹ bá dìde, ẹnìkan á rí ibi jókòó."

"Àwọn ọmọ tó ń kún pálọ̀ yín ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí ni wọ́n ń wá ṣe níbẹ̀?"

"Lẹ́sìn ni. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

"Àpòòwé tí àwọn ìyá wọn ń fi rán wọn sí yín ní ìparí oṣù ńkọ́? Ṣé lẹ́tà ìfẹ́ ló wà nínú ẹ̀?"

Tíṣà á rẹ́rìn-ín títí á fi máa nu ojú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Bí ìjọba bá rí i pé gbogbo afẹ̀yìntì ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní a ò nílò owó náà. Àwọn tí kò lè dìde lórí ẹní mọ́ nínú wa ni ìyà á kọ́kọ́ jẹ."  Ìyá Àgbà ń yí òwú mọ́ ìka rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń fọ ẹnu, ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Tíṣà ò purọ́ lórí ìyẹn o." Ó sì ń fọ ẹnu rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Tíṣà nípa ibi ìjókòó wọ̀ mí lára. Nígbà tí iléeṣẹ́ kẹrin kọ̀wé sí mi pé wọn kò lè gbà mí, inú bí mi débi pé mo dojú ọ̀rọ̀ kọ Ìyá Àgbà nídìí tíì. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà lẹ jókòó sórí gbogbo àga. Ẹ gba ti ìjọba, ẹ tún gba tiwa."  Mi ò sọ irú rẹ̀ sí i rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìkórìíra. Ìbẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù pé ìgbésí ayé mi ti ń lọ láìsí mi níbẹ̀, mo sì wá ẹni tí màá dẹ́bi fún nítòsí.

Ìyá Àgbà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Wọ bàtà rẹ."

Ó mú mi lọ sí Yábàá, ó fà mí jókòó sídìí máṣínì rẹ̀, ó gbé aṣọ ìtẹ́bùsùn síwájú mi, ó sì gbé àpótí kan jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà níbẹ̀. Ojú rírán mi ń lọ ṣégeṣège bí ipa ìgbín. Ní ọjọ́ kẹta, ó tú gbogbo ohun tí mo rán níṣojú mi, ó ń kọrin ìjọ lábẹ́lẹ̀, kò sọ̀rọ̀ búburú kan. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ pé ara tù mí pẹ̀lú, nítorí mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹnìkan ló jókòó lé ayé mi lórí, mo sì wá rí i pé kì í ṣe Ìyá Àgbà. Ó ká aṣọ náà, ó ní, "Àga yìí ò wúwo, Àṣàkẹ́. Iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ló wúwo."

Ohun kan wà tó ṣe tí gbogbo àdúgbò wa fi ń rántí rẹ̀ títí di òní. Mo wà níbẹ̀, mo sì jẹ̀bi díẹ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́dún kan, ìjọba pe àwọn afẹ̀yìntì fún fẹrifikéṣọ̀n, ìyẹn àyẹ̀wò tí olúkálùkù á ti wá fojú ara rẹ̀ hàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè, kí owó má baà máa lọ sọ́dọ̀ òkú. Gbọ̀ngàn kan ní Súrùlérè ni wọ́n máa lò. Lójú àwọn afẹ̀yìntì àdúgbò wa, bí òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò bá rí i pé ara rẹ le, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì dá owó rẹ dúró. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ òfin náà sí. Gbogbo wọn ṣáà mọ ẹnìkan tó mọ ẹnìkan tó ṣẹlẹ̀ sí.

Tíṣà pè wọ́n jọ sí pálọ̀ rẹ̀, ó sì kọ́ wọn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Ẹ má kun ètè. Ẹ má wọ aṣọ tó ń dán. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ kọ́kọ́ wúkọ́ kí ẹ tó dáhùn." Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá ìtilẹ̀ jáde. Ọ̀pá bàbá rẹ̀ tó ti kú ni, dúdú, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí. Òun nìkan ni ọ̀pá tó wà ládùúgbò, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wọn tó nílò ọ̀pá ní ti gidi. Ètò wọn ni pé ẹni tó bá ń wọlé á fi í tilẹ̀, bó bá gba ẹ̀yìn jáde, ẹnìkan á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á yípo gbọ̀ngàn, á sì gbé e fún ẹni tó kàn níwájú.

Èmi ni ẹnìkan náà.

Kí ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò ó pé bí owó ìfẹ̀yìntì bá dúró, ibo ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru á ti wá? Ẹ̀rù yìí ló jẹ́ kí n tún ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, kí ó tó jí, mo mú kóòtù funfun tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo fi í sábẹ́ ibùsùn mi, mo sì fi bùbá àtijọ́ kan tó ti já lápá sórí àga fún un.

Nígbà tí mo fi máa bọ́ sí pálọ̀, ó ti wọ kóòtù náà. Tépù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Abẹ́ ibùsùn rẹ kì í lọ aṣọ, Àṣàkẹ́," ló wí. "Wò ó, ó ti rún."

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bùbá yẹn. Lónìí nìkan."

"Ṣé olè ni mò ń jà?"

"Rárá, mà."

"Ta ni mo wá ń sá fún?"

Ó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ bó ṣe máa ń lọ. Èmi ti wà ní Súrùlérè, mò ń gbé ọ̀pá yípo. Ọ̀pá náà ti wọlé lẹ́ẹ̀marùn-ún nígbà tí Ìyá Àgbà dé. Mo nà án sí i níwájú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń hukọ́ lórí ìlà. Kò gbà á. Ó ní, "Mú un fún Tíṣà, òun ló ni ín." Ó sì wọlé lọ. Nítorí pé wọ́n gba mọ̀lẹ́bí láyè láti tẹ̀ lé àgbà, mo tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ mi bí òmùgọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì. Kò wo Ìyá Àgbà. Ọ̀pá ló ń wò.

"Ọ̀pá yìí ti tún dé," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà rèé tó ń ṣe àyẹ̀wò lónìí. Kò sí afẹ̀yìntì tó ṣe dáadáa tó ọ̀pá yìí." Ó wá yíjú sí Ìyá Àgbà. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Mi ò lọ́pá. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì ń padà sí. Ẹ bá mi yára ṣe é."

Àwọn tó jókòó lẹ́yìn na ọrùn kí wọ́n lè gbọ́.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, mà?"

"Mò ń ránṣọ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan."

"Wọ́n ń san owó fún yín?"

"Ṣé ẹ̀yin ń ṣe tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ aládàáni tí ẹ ń ṣe kò kan ìwé tiwa. Ẹ ti sin ìjọba, ẹ sì ti parí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n wò ni bóyá ẹ wà láàyè. Ẹ wà láàyè dáadáa. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó wà níta kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀pá yìí lọ sinmi."

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé bí ara ṣe fúyẹ́ fún mi. Ó dà bí ẹni pé mo ti ń di èémí mú láti ọ̀sẹ̀ kan, tí mi ò sì mọ̀ títí mo fi mí kanlẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ ọ́ fún àwọn tó wà níta, mo rí i tí ẹ̀yìn wọn ń nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ikọ́ dáwọ́ dúró. Obìnrin kan yọ dígí kékeré láti inú báàgì, ó kun ètè rẹ̀. Tíṣà gba ọ̀pá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sábẹ́ apá. Bí a ṣe ń lọ síbi tí a ti máa wọ kẹ̀kẹ́, Ìyá Àgbà ní, "Ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá mo wà láàyè, ẹ wá ní kí n lọ ṣe bí òkú."

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń sọ ọ́ di áńgẹ́lì nítorí pé ó ti kú. Ó ní àléébù kan tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mátírọ̀n mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Ìdí-Àràbà wá, Síkírá ni orúkọ rẹ̀, kó lè kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Fún ọdún méjì, ó ń kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan àfi olójú kan. Bí àkókò àtigé ihò bá tó, yóò rán Síkírá lọ ra òwú ní Ọ̀yìngbò. Bí Síkírá bá fi máa dé, aṣọ ti wà níbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ó ní ọwọ́ ọmọ náà kò tíì rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ojú Ìyá Àgbà tàn án. Ihò tó gé fi odindi àtẹ́lẹwọ́ yẹ̀. Nọ́ọ̀sì rí i kí wọ́n tó lò ó, ó sì dá a padà wẹ́rẹ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà délé, kò jẹun. Ní àárọ̀, ó lọ bá Mátírọ̀n fúnra rẹ̀, ó ní òun á máa wá lọ́jọ́ méjì péré lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta yòókù àti owó rẹ̀ fún Síkírá. Ó wá pe Síkírá, ó ní kó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ó sì gé olójú kan níṣojú rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi nírọ̀lẹ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí tẹ́lẹ̀, mo wá ń pè é ní iṣẹ́ ọwọ́."

Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn iṣẹ́, ó wẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì lọ. Kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Tíṣà ni ó kọ́kọ́ dé ilé wa.  Ó ní, "Gbogbo ìgbà ni mo ń ní kó lọ sinmi. Mi ò mọ̀ pé ibi iṣẹ́ yẹn ló ti ń sinmi."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, fóònù Ìyá Àgbà dún lórí tábìlì. Owó ìfẹ̀yìntì ni. Èmi àti Mọ́mì wo fóònù náà, kò sí ẹni tó lè ní "ẹ ṣé o" nínú wa.  Mo rò pé wọ́n máa ní a jí owó òkú. Tíṣà ló mú wa lọ sí ọ́fíìsì wọn, òun ló sì sọ̀rọ̀. Obìnrin tó gbà wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí ikú, ó ní wọ́n á gba owó tó wọlé lẹ́yìn ikú rẹ̀ padà nípasẹ̀ báńkì, ó sì kí wa kú ọ̀ràn-an ìyá. Ó tán. Kò sí ẹni tó jágbe mọ́ wa. Bí a ṣe jáde, Mọ́mì ra ẹ̀pà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Tíṣà ní, "Ìyá Bùnmi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àwa la mọ bó ṣe nira tó."

Gbogbo ohun tí mo rò láti ọjọ́ Ajé nìyí. Ní Ọjọ́rú, mo lọ sí Yábàá. Bàbá Akin wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń jókòó sí, pẹ̀lú àwọn káàdì lẹ́yìn rẹ̀ títí dé òrùlé. Obìnrin kan gbé ọmọ wọlé. Kí ó tó sọ orúkọ, Bàbá ti dìde, ó ti fa káàdì ọmọ náà yọ. Ó ní, "Ibà rẹ̀ tún padà ni? Pẹ̀lẹ́ o." Ó wá rí mi. "Ọmọ Ìyá Bùnmi, káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ta lo wá rí?"

Mo ní Mátírọ̀n ni mo wá rí. Ó ní ó wà nínú, kí n máa wọlé. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Mo sọ fún Mátírọ̀n pé mo fẹ́ iṣẹ́ náà, mo fẹ́ ẹ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbà á kí Bàbá tó mọ̀. Mo bi í bóyá Bàbá lè máa wá lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó máa kọ́ mi ní ohun tó wà lórí rẹ̀ tí kò sí nínú káàdì, kí èmi máa kó o sórí kọ̀ǹpútà. Mátírọ̀n yọ awò rẹ̀, ó fọwọ́ ra ojú.

"Mo lè san owó ènìyàn kan àti ààbọ̀," ló wí. "Bí Bàbá bá gba ààbọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá sọ fún un. Ìwọ lo mú àbá yìí wá, ìwọ ni kó o gbé e lọ bá a. Ìyá àgbà rẹ ì bá ṣe bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà náà ni ara ti fúyẹ́ fún mi. Ọ̀nà kan wà, mi ò sì ní láti ti ẹnikẹ́ni ṣubú kí n tó gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n òní ni Ọjọ́bọ̀, ọ̀la sì ni mo máa sọ̀rọ̀. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó ń dún bí ẹni pé mo ní ó ti gbó. Bí mo bá mẹ́nu kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo ti ń yẹ àpò rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ mi ò tilẹ̀ mọ ẹni mélòó ló ń jẹ nínú rẹ̀. Bí mo bá sì kàn bẹ̀ ẹ́, mo mọ irú ènìyàn tó jẹ́, yóò gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún mi, yóò sì lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìntì tí ẹ ṣì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ọmọ kan bá fẹ́ wá bá yín pín àga yín, tí kò sì fẹ́ kí ẹ dìde, kí ni ẹ máa fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ fún yín?